Ohun Tí Kò Kan Ìbéèrè

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè ohun tó fẹ́ da ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rú, ẹ má sọ pé ọ̀tá ni, ẹ má sì sọ pé owó ni. Ẹ sọ fún un pé "ẹ kú iṣẹ́" ni. Mo mọ̀ pé yóò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gbóná, kò sí ẹni tó rí eyín mi.

Aṣọ ni mò ń rán. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Baba Pọ́ǹpù nítorí pé pọ́ǹpù omi ni wọ́n fi ayé wọn tún ṣe, ni bàbá ọmọbìnrin náà. Ìyá rẹ̀ ti kú láti kékeré rẹ̀, nítorí náà èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ tọ́ ọ. Ìdí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí, sípánà ló fi ṣeré ọmọdé. Nígbà tó yá, ó kọ́ iṣẹ́ fíríìjì, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣe é ń pè é ní Ọ̀gá. Kò fẹ́ràn àṣejù ọ̀rọ̀. Tí oníbàárà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ fíríìjì rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti rà á, yóò ní, "Ẹ sọ ibi tó ti ń dùn ún." Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá wúlò.

Gbàgede kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ti ń pàdé. Ẹni tí iṣẹ́ bá rú lójú yóò kọ ìbéèrè rẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò dá a lóhùn, ìbáà jẹ́ òkè òkun ló wà. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń kọ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu a yọjú síbẹ̀, wọn a wò yíká, wọn a sì padà. Ìgbà tó yá, àwọn tó ni gbàgede kéde pé àwọn fẹ́ ṣí ẹ̀ka fún àwọn èdè mìíràn: Faransé, Lárúbáwá, Potogí, èdè yòówù tó bá ṣáà ti rí alábòójútó méjì. Ọmọ wa fi orúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀ka Yorùbá. Ẹnì kejì tó fi orúkọ sílẹ̀ jẹ́ ọkùnrin kan tó ń to sólà sórí òrùlé ní ìlú mìíràn, tó ń pe ara rẹ̀ ní Wáyà Pupa. Wọn kò rí ara wọn rí.

Ìjà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wa fẹ́ kí wọ́n fi irú ẹ̀rọ pín ẹ̀ka náà: fíríìjì lọ́tọ̀, pọ́ǹpù lọ́tọ̀, jẹnẹrétọ̀ lọ́tọ̀. Wáyà Pupa ní rárá, ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ ni kí wọ́n fi pín in: èyí tí kò tan, èyí tó ń gbóná, èyí tó ń pariwo, nítorí ẹni tí ẹ̀rọ bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, ariwo ló kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọ wa á wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, á ka ohun tí ọkùnrin náà kọ sókè, á sì máa kùn. Èmi á ní mo gbọ́. Mo rí i pẹ̀lú pé ojú rẹ̀ ti máa ń wà lórí fóònù kó tó fìdí kan àpótí. "Ẹ" ni wọ́n ń pe ara wọn níbẹ̀rẹ̀, bí àwọn tó mọ ọ̀wọ̀ ti í ṣe. Lọ́jọ́ kan ó kà á sókè fún mi pé, "O ò ní gbà láé pé mo jàre." Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, mo bi í pé ìgbà wo ni "ẹ" di "o". Ó ní òun fẹ́ tètè lọ wo fíríìjì oníbàárà kan.

Wọ́n ṣí ẹ̀ka náà, àwọn èèyàn sì ń wọlé. Láìpẹ́ Wáyà Pupa sọ pé iṣẹ́ kan gbé òun wá sí ìlú wa. Bóyá iṣẹ́ kankan wà níbẹ̀, n kò bèèrè. Ọmọ wa ní ṣọ́ọ̀bù mi ni kí wọ́n ti pàdé, kí ẹnu àwọn èèyàn má baà wà lára òun. Ọkùnrin gíga kan ló wọlé, oòrùn orí òrùlé ti sun ún lọ́rùn, tẹ́sítà wà nínú àpò ẹ̀wù tó lọ̀ dáadáa. Ó kí mi. Ó béèrè àlàáfíà mi, ó kí mi kú iṣẹ́, ó kí mi kú ojú tí mo fi ń wo abẹ́rẹ́. N kò gbọ́ irú ìkíni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀dọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì wọ̀ mí lára.

Ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan sọ fún ọmọ wa, ọmọ wa náà kò rí nǹkan kan sọ fún un. Àwọn tó ń jà lójoojúmọ́ jókòó bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Nígbà tó ṣe, mo rí i tí ọmọ wa mú fóònù rẹ̀, ó tẹ nǹkan. Fóònù ọkùnrin náà dún. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, èmi ò sí nínú fóònù yín o. Ẹ sọ ọ́ síta kí èmi náà gbọ́."

Ẹ̀rín pa wọ́n, ojú sì là. Mo rí ohun tí ọmọ wa kọ lẹ́yìn náà, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló fi hàn mí: "O ga ju bí mo ṣe rò lọ." Láti ọjọ́ náà, kò sí oṣù tí iṣẹ́ kì í gbé Wáyà Pupa wá sí ìlú wa. Tí kò bá sì tíì dé lásìkò tó dá, ọmọ wa á máa jáde sẹ́nu ọ̀nà, á ní atẹ́gùn ni òun ń gbà.

Ní àkókò yìí, ẹ̀yìn dídùn ti mú kí ẹ̀gbọ́n mi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ti ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ láti kékeré, tí ọwọ́ bá wá dilẹ̀, ilé a máa há mọ́ ọn. Wọ́n gbọ́ pé ẹ̀ka Yorùbá ti wà, wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn wọlé síbẹ̀, kí n má sọ fún ọmọ. Wọ́n fẹ́ kó rí àgbàlagbà kan tó mọ iṣẹ́ lórí ẹ̀ka rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó máa yìn ín, kó tó wá mọ̀ pé bàbá òun ni. Orúkọ tí wọ́n mú ni Àgbà Kan. Odindi ọ̀sán ni wọ́n fi ìka kan kọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣẹ́ ẹ̀rọ gbogbo, ẹ̀yin tí mo mọ̀ àti ẹ̀yin tí n kò mọ̀. Ẹ kú làálàá, ẹ kú ìnáwó dátà. Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀ka yìí, tí ẹ jẹ́ kí àwa náà rí ibi jókòó sí. Iṣẹ́ ò ní pa wá o. Ìbéèrè kékeré kan ni mo ní. Pọ́ǹpù kan máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa lálẹ́, ṣùgbọ́n láàárọ̀ omi kì í gòkè àfi tí a bá kọ́kọ́ bu omi sí i. Kí ló fà á? Ẹ ṣeun o. Ọlọ́run á máa tọ́jú ìdílé oníkálukú wa."

Mo ka èyí tán, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin fúnra yín mà mọ ohun tó ń ṣe pọ́ǹpù yẹn."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè déédéé wọ àárín èèyàn kó máa wò. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó bá wá."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Fóònù wà lórí itan wọn. Gbogbo ìkíni ti lọ, àdúrà ti lọ, ọpẹ́ ti lọ. Pọ́ǹpù nìkan ló kù, àti "Kí ló fà á?" Lábẹ́ rẹ̀, a rí i kà pé: "A ti yọ ohun tí kò kan ìbéèrè kúrò." Orúkọ Wáyà Pupa ló wà nídìí rẹ̀. Ó sì dáhùn pé fáàfù ìsàlẹ̀ tó ń di omi mú nínú páìpù ló ń jò, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìdáhùn náà tọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ohun tí kò kan ìbéèrè." Wọ́n tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ oògùn kíkorò wò. "Ẹni tó ṣe èyí, ilé tó ti jáde wá ò kọ́ ọ." Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni, pàápàá jù lọ létí ọmọ. Ìtìjú ni. Wọ́n pa gbàgede náà dé lórí fóònù wọn, wọn kò padà síbẹ̀ mọ́, wọ́n sì ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí dé egungun, nítorí mo mọ ẹni tí Wáyà Pupa jẹ́, wọn kò sì mọ̀.

Ẹ wá fojú inú wo ọjọ́ tí ọmọ wa jókòó síwájú bàbá rẹ̀, témi náà wà níbẹ̀, tó ní òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́. Bàbá rẹ̀ yọ̀. Wọ́n bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ó sọ. Wọ́n bi í pé níbo ni wọ́n ti pàdé, ó ní lórí gbàgede, àwọn jọ ń bójú tó ẹ̀ka Yorùbá ni. Wọ́n bi í pé kí ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

"Wáyà Pupa."

Ìdùnnú kúrò lójú ẹ̀gbọ́n mi bí ìgbà tí iná bá lọ. Wọ́n mú fóònù wọn, wọ́n ṣí i, wọ́n fi lé ọmọ wọn lọ́wọ́. Ó kà á. Wọ́n wá sọ fún un pé Àgbà Kan ni àwọn.

"Ìdáhùn tó fún mi tọ̀nà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá wá kí ọ nílé rẹ̀ ńkọ́? Yóò yọ mí kúrò. N kò kan ìbéèrè. N kò ní fi ọmọ mi fún un."

Mo ti rò pé ọmọ wa yóò bá bàbá rẹ̀ jiyàn, nítorí kì í sá fún iyàn. Ńṣe ló rọra gbé fóònù náà sílẹ̀, ó dìde, ó jáde.

Wáyà Pupa pè mí lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Mọ̀mọ́, mo ti gbọ́. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ bàbá." Mo bá a bẹ̀ wọ́n. Mo gbé ọ̀rọ̀ lọ, mo gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, bí a ṣe ń ṣe alárinà. Gbogbo èsì tí mo rí gbà ni "Mo ti gbọ́." Ẹni tó bá mọ ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé ilẹ̀kùn tí a ti tì ni "Mo ti gbọ́" wọn. Èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ọkùnrin tó kí mi dáadáa bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣé nítorí pé ó ń wá ọmọ wa ni? Ṣé ìwà méjì ló ní ni, ọ̀kan fún ojú, ọ̀kan fún fóònù?

Ọmọ wa ló tú u fún mi. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ojú rẹ̀ wú.

"Àǹtí mi, èmi ni mo kọ òfin yẹn."

Mo bi í pé òfin wo. Ó ní nígbà tí àwọn fẹ́ ṣí ẹ̀ka, òun lòun kọ òfin rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ohun tí èèyàn kọ ló máa ń hàn níta, kí àwọn tó ń wá nǹkan lè mọ ibi tí wọ́n á wọ̀. Gbogbo èèyàn wa ló sì ń fi ìkíni bẹ̀rẹ̀. Tí èèyàn bá ṣí ẹ̀ka náà, "Ẹ kú iṣẹ́ o" ló máa rí láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò ní mọ èyí tó jẹ́ fíríìjì yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ pọ́ǹpù. Ni òun bá kọ ọ́ pé kí wọ́n máa gé ìkíni. Wáyà Pupa ní kò dáa bẹ́ẹ̀, ó ní àwọn àgbà yóò bínú lọ. Òun takú. Òun ló sì kọ gbólóhùn yẹn pàápàá, "A ti yọ ohun tí kò kan ìbéèrè kúrò," kí ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lè máa lò ó. Lọ́jọ́ tí bàbá kọ tiwọn, òun kọ́ ló wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Wáyà Pupa ní kí n má sọ fún bàbá mi. Ó ní bàbá lè bínú sí àna kó sì tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọmọ wọn ló ṣe é, yóò máa dùn wọ́n. Ó ní òun á ṣáà máa bẹ̀ wọ́n títí wọ́n á fi gbà."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, Àǹtí. Bàbá mi nìkan ni mo ní."

Ó wù mí kí n ní kó dákẹ́, kí n gbà á mọ́ra kí ọ̀rọ̀ sì tán. Ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ láyé díẹ̀. Mo ní, "Tó o bá fẹ́ ẹ báyìí, gbogbo ìgbà tó bá wọ ilé bàbá rẹ ni yóò máa ru ẹrù rẹ wọlé. Yóò rù ú, torí ó fẹ́ràn rẹ. Ṣé wàá lè máa wò ó?" Ó jókòó síbẹ̀ títí òjò fi dá.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé Wáyà Pupa kò fẹnu nìkan bẹ̀bẹ̀. Ó ti kọ̀wé sí àwọn tó ni gbàgede pé fífi ìlà àkọ́kọ́ hàn níta, tó bá Gẹ̀ẹ́sì mu, kò pọn dandan kó bá gbogbo èdè mu, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa ṣe tirẹ̀. Wọ́n gbà. Ó wá ṣètò rẹ̀ pé kí alábòójútó máa kọ àkọlé kúkúrú sórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, èyí tí yóò hàn níta, kí ohun tí èèyàn fúnra rẹ̀ kọ sì wà lódindi nínú. Gbàgede náà kì í ju ohun tí wọ́n bá gé nù, ó máa ń tọ́jú rẹ̀ síbì kan. Ọkùnrin yìí lọ ń kó ìkíni àwọn èèyàn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dá a padà sí àyè rẹ̀. Ti Àgbà Kan ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tí fóònù ẹ̀gbọ́n mi dún pé èsì wọlé fún Àgbà Kan ni ọmọ wa ṣe ọkàn akin, tó mú mi lọ́wọ́ lọ bá wọn lẹ́yìnkùlé. A bá wọn tí awò ojú wà ní ṣóńṣó imú wọn. Wọ́n ní kí n wá ka nǹkan. Ìkíni wọn ti padà, odindi. Lábẹ́ rẹ̀, Wáyà Pupa kò sọ nǹkan kan mọ́ nípa pọ́ǹpù. Ìkíni ló ń dáhùn, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe tò ó gan-an: "A dúpẹ́ o, bàbá. Ẹ̀yin náà kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá. Ìnáwó dátà ò tó nǹkan tí a bá rí irú yín. Ibi jókòó yín wà níbí, ẹ má bínú pé a kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ yín. Àmín àdúrà o." Àwọn mìíràn ti tẹ̀ lé e, wọ́n ń kí Àgbà Kan káàbọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó mọ̀ ọ́n kí. Kí ló wá dé tó fi gé e?"

Ọmọ wa kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn. "Èmi ni, bàbá mi. Èmi ni mo kọ òfin tó ní kí wọ́n máa gé e. Ó bẹ̀ mí kí n má ṣe é, n kò gbọ́. Gbólóhùn tó dùn yín, èmi ni mo kọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n wá kọjú sí mi.

"Àbúrò, ilé ta ni mo ní kò kọ́ ọmọ lọ́jọ́ náà?"

"Ilé yín ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n omi wà lójú wọn. Wọ́n bi ọmọ wọn pé kí ló rí lọ́bẹ̀ tó fi wa irú ọwọ́ yẹn. Ọmọ wa ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má jẹ́ kí oníbàárà fi ọ̀rọ̀ tán mi lásìkò. Ẹ ní ẹ̀rọ ò gbọ́ ìkíni."

"Ẹ̀rọ ò gbọ́, òótọ́ ni," ni wọ́n wí. "Ẹni tó ni ẹ̀rọ ńkọ́?"

Ọmọ wa bú sẹ́kún. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn. Nígbà tó dákẹ́, wọ́n bi í bóyá ọkùnrin náà mọ̀ pé òun kọ́ ló jẹ̀bi, tó sì gbà á sọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tún ka ìkíni náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Sọ fún un kó wá," ni wọ́n wí.

Ó wá, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, bàbá awakọ̀ kan tí kò fẹ́ràn ìjókòó pẹ́. Wáyà Pupa kí ẹ̀gbọ́n mi. Ó kí wọn kú ilé, ó kí wọn kú ẹ̀yìn dídùn, ó kí wọn kú ọmọ títọ́, ó kí wọn kú sùúrù. Ẹ̀gbọ́n mi ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò yára, wọn kò sì jẹ́ kó dánu dúró. Bàbá awakọ̀ ń wo aago. Èmi tí mo gbé omi dúró, apá ti ń ro mí. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ń gbádùn ara wọn ni.

Nígbà tí ìkíni tán lẹ́nu ọmọkùnrin náà, ẹ̀gbọ́n mi ní, "A ti gbọ́ ìkíni. Ìbéèrè ńkọ́?"

Ó ya ẹnu, kò rí nǹkan kan sọ. Ọmọ wa, tí kò fẹ́ràn àṣejù ọ̀rọ̀, sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà pé, "Bàbá mi, ó fẹ́ fẹ́ mi ni."

"Ọ̀gá, ìwọ ò sí lẹ́nu iṣẹ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Jẹ́ kó bèèrè fúnra rẹ̀."

Ẹ̀rín gba inú ilé, bàbá awakọ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin náà wá rí ohùn rẹ̀ padà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fún mi lọ́mọ yín."

"Mo fún ọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Wọ́n ti ṣègbéyàwó báyìí, wọ́n sì ń gbé ìlú kan náà pẹ̀lú wa. Wọ́n ṣì ń jà lórí bí wọn yóò ṣe pín ẹ̀ka náà. Láàárọ̀ tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó wọn, Àgbà Kan kọ nǹkan sórí gbàgede. Ó kí gbogbo oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ó kí àwọn tó mọ̀ àti àwọn tí kò mọ̀, ó kí wọn kú làálàá, ó kí wọn kú ìnáwó dátà, ó ṣàdúrà fún ìdílé oníkálukú. Ó wá kọ ọ́ sí ìparí pé: "N kò ní ìbéèrè kankan lónìí."

Ọmọ wa ló wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò yọ ohunkóhun kúrò.